Orí Kẹrin: Bí A Ṣe Ń Kọ́ Ẹ̀rọ Láti Gbọ́ Yorùbá Kó sì Kọ Ọ́ Sílẹ̀

Orí yìí wà fún ẹgbẹ́ kékeré tó fẹ́ ṣe ẹ̀rọ agbọ́rọ̀kọ fún Yorùbá tàbí fún ẹ̀ka-èdè rẹ̀ kan, ìyẹn ẹ̀rọ tí èèyàn ń bá sọ̀rọ̀, tó sì ń kọ ohun tó gbọ́ sílẹ̀. Olùkọ́ èdè méjì, ẹnì kan tó mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, òṣìṣẹ́ rédíò kan àti akẹ́kọ̀ọ́ mélòó kan ti tó láti bẹ̀rẹ̀. Wọn kò nílò ilé-iṣẹ́ ńlá lẹ́yìn wọn, torí pé àwọn mìíràn ti ṣe èyí tó gba owó jù nínú iṣẹ́ náà, wọ́n sì ti gbé e síta lọ́fẹ̀ẹ́.

Ohun tó sábà máa ń ba irú iṣẹ́ yìí jẹ́ ni pé ẹnu àwọn akọ̀wé kò kò lórí bí wọn ó ṣe kọ ohun tí wọ́n gbọ́. Ẹ̀rọ kò mọ Yorùbá. Ohun tí akọ̀wé bá kọ sí abẹ́ ohùn ni yóò gbà pé ó jẹ́ Yorùbá. Bí akọ̀wé mẹ́ta bá kọ gbólóhùn kan ní ọ̀nà mẹ́ta, ìdàrúdàpọ̀ ni ẹ̀rọ yóò kọ́, bí a bá sì ń fi wákàtí ohùn kún un, ńṣe ni ìdàrúdàpọ̀ náà yóò máa gbilẹ̀. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ìdí nìyẹn tí ìwé ìlànà ìdàkọ fi ṣáájú máìkì nínú orí yìí, tí a sì fún un ní àyè tó pọ̀ jù lọ.

1. Ẹ mú iṣẹ́ kan pàtó

Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ kọ gbólóhùn kan tó dáhùn ìbéèrè mẹ́rin: ta ni yóò sọ̀rọ̀, níbo ni yóò ti sọ ọ́, kí ni ọ̀rọ̀ náà yóò dá lé, ta ni yóò sì ka ohun tí ẹ̀rọ bá kọ? Ẹ wo bí ìdáhùn ṣe lè yàtọ̀ síra:

- *Ìtàn ìlú lẹ́nu àwọn àgbà.* Ohùn arúgbó ni, ẹ̀ka-èdè wà nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ ń já sí ara wọn, ẹnikẹ́ni kò sì kà á látinú ìwé. Àwọn olùwádìí ni yóò lò ó, ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Àmì ohùn pọn dandan.
- *Àkọlé ìsàlẹ̀ fún ètò ìròyìn.* Yorùbá àjùmọ̀lò ni, ohùn mọ́ gaara, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ń yára, orúkọ èèyàn àti ìlú sì pọ̀ nínú rẹ̀.
- *Bíbéèrè iye ọjà lórí fóònù.* Nọ́ńbà àti orúkọ ọjà ni gbogbo rẹ̀, ariwo ọjà wà lẹ́yìn, kọ̀ǹpútà mìíràn ni yóò sì ka èsì. Àtòjọ ọ̀rọ̀ kékeré ti tó, bí ẹ̀rọ bá ṣáà ti lè mọ igba náírà yàtọ̀ sí igbá.

Ẹ̀rọ tí a kọ́ fún ọ̀kan nínú àwọn wọ̀nyí yóò ṣìṣe gan-an nínú èkejì. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kò ní mọ irú ohùn tó yẹ kó wá, kò sì ní mọ ìgbà tó parí.

2. Ẹ wo ohun tó ti wà nílẹ̀

A máa ń pe Yorùbá ní èdè tí kò ní ohun èlò lórí kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n nǹkan ti ń yí padà láti nǹkan bí ọdún 2020. Ẹ kọ́kọ́ gba àwọn wọ̀nyí wò.

Àkójọ ohùn tí Google gbé síta ní 2020 lórí ìkànnì OpenSLR ní ohùn tó lé díẹ̀ ní wákàtí mẹ́rin, èyí tí ọkùnrin àti obìnrin 36 kà. Ó mọ́ gan-an, àmọ́ kò pọ̀. FLEURS, tó jáde ní 2022, ní èdè 102, Yorùbá sì wà lára wọn pẹ̀lú nǹkan bíi wákàtí 12. Ó dára fún ìdánwò, torí pé gbólóhùn kan náà ni wọ́n túmọ̀ sí gbogbo èdè rẹ̀. ÌròyìnSpeech, tí àwọn olùwádìí ọmọ Yorùbá wà nídìí rẹ̀, ní nǹkan bíi wákàtí 42 lẹ́nu èèyàn 80, látinú ìròyìn àti ìwé àtinúdá. Àkójọ NaijaVoices pọ̀ jù wọ́n lọ fíìfíì: wákàtí 1,800 fún Hausa, Ìgbò àti Yorùbá lápapọ̀, lẹ́nu àwọn èèyàn tó lé ní 5,000. Mozilla Common Voice ní tiẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láti ka gbólóhùn sínú rẹ̀, kí àwọn mìíràn sì gbọ́ ọ bóyá ó tọ́.

Àwọn módẹ́ẹ̀lì, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tí àwọn mìíràn ti fi ohùn kọ́ sílẹ̀, náà wà. XLS-R, tó jáde ní 2021, ti gbọ́ ohùn wákàtí 436,000 ní èdè 128 láìsí ìwé kankan lábẹ́ rẹ̀. MMS, tó jáde ní 2023, lè kọ èdè 1,107 sílẹ̀. Májẹ̀mú Tuntun tí àwọn èèyàn kà ni púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n fi kọ́ ọ. Whisper ti OpenAI, tó jáde ní 2022, gba wákàtí 680,000, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ló kó èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Díẹ̀ bín-ín-tín ni ti Yorùbá, ó sì hàn nínú ohun tó ń kọ.

Bí ẹ bá ń yẹ ìwọ̀nyí wò, ẹ máa fi wọ́n wé gbólóhùn tí ẹ kọ ní ìpín kìíní. Ohùn kíkà ló pọ̀ jù nínú àwọn àkójọ náà. Ẹni tó ń kàwé máa ń pe ọ̀rọ̀ rẹ̀ pé, kì í gé e kúrú, kì í fi Gẹ̀ẹ́sì há a láàárín. Ẹ̀rọ tó jẹ́ pé Bíbélì àti ìròyìn nìkan ló ti gbọ́ yóò tàsé nígbà tí alátẹ kan bá ń ná ọjà l'Ọ́jà Ọba ní Àkúrẹ́. Àlàfo yìí gan-an ni iṣẹ́ yín. Ohùn tí ẹ ó kó ni irú èyí tí àwọn àkójọ náà kò ní.

3. Ìwé ìlànà ìdàkọ

Ẹ kọ ìwé yìí kí ẹ tó gba ohùn kankan sílẹ̀. Kó má ju ojú ìwé márùn-ún lọ, kí àpẹẹrẹ wà nínú ìlà kọ̀ọ̀kan, kí ẹnì kan ṣoṣo sì ní àṣẹ láti yí i padà. Bí ó bá yí i, kó kọ ọjọ́ tó yí i. Ó kéré tán, kó dáhùn àwọn ìbéèrè tó tẹ̀ lé e yìí.

*Ṣé a ó fi àmì ohùn sí i?* Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, gbogbo ọ̀rọ̀ ni kí ẹ fi í sí. Nínú àkọtọ́ wa, a kì í fi àmì sí ohùn àárín. Fáwẹ́lì tí kò ní àmì lè túmọ̀ sí pé ohùn àárín ni, ó sì lè túmọ̀ sí pé ó rẹ akọ̀wé. Ènìyàn lè mọ ìyàtọ̀. Ẹ̀rọ kò lè mọ̀ ọ́n. Ìdàkọ tí a fi àmì sí ní ìdajì burú ju èyí tí kò ní àmì rárá lọ, nítorí irọ́ ló ń pa nípa ohùn àárín. Bí akọ̀wé tó mọ àmì dáadáa kò bá pọ̀, ẹ pín iṣẹ́ náà sí ọ̀nà méjì: kí àwọn kan kọ ọ̀rọ̀ pẹ̀lú àmì abẹ́ lẹ́tà, kí àwọn olùkọ́ èdè wá fi àmì ohùn sí i bí wọ́n ti ń gbọ́ ohùn náà. Ohun èlò wà tó ń fi àmì sí ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Iroro Orife tẹ ìwádìí jáde lórí èyí fún Yorùbá ní 2018. Ẹ lè fi irú rẹ̀ ṣe iṣẹ́ àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n etí ènìyàn ni kó parí rẹ̀. Ẹ̀rọ afàmìsí ń méfò láti inú ìwé ni. Kò gbọ́ ohùn.

*Àkọtọ́ wo ni a ó tẹ̀ lé?* Ẹ mú èyí tí wọ́n fọwọ́ sí ní 1974: ayé, ènìyàn, náà, ẹ má kọ aiye, enia tàbí nâ. Ìwé àti ìwé ìròyìn àtijọ́ kún fún àkọtọ́ àtijọ́, nítorí náà ẹ tún wọn kọ kí ẹ tó fi wọ́n kọ́ ohunkóhun. Bí ẹ bá ń bá àwọn ará Kétu, Sábẹ̀ẹ́ tàbí Àjàṣẹ́ ṣiṣẹ́ ní Benin, ẹ ó rí ɛ dípò ẹ, ɔ dípò ọ, àti sh dípò ṣ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé ìwé, kí kọ̀ǹpútà sì yí i sí ọ̀kan ṣoṣo nígbà tí ẹ bá ń kọ́ ẹ̀rọ.

*Báwo ni a ó ṣe fi lẹ́tà pamọ́ sínú kọ̀ǹpútà?* Ìdẹkùn ńlá wà níbí. Nínú Unicode, ìyẹn ètò tó fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní ààyè nínú kọ̀ǹpútà, é jẹ́ lẹ́tà kan, ṣùgbọ́n ẹ́ kò ní ààyè tirẹ̀: ẹ ni, tí a so àmì òkè mọ́ lẹ́yìn. Ń àti ǹ ní ààyè tiwọn, m̀ kò ní. Àwọn kan tún máa ń fa ìlà kékeré sí abẹ́ lẹ́tà dípò àmì roboto kékeré. Ọ̀rọ̀ kan náà lè hàn bákan náà lójú, síbẹ̀ kí kọ̀ǹpútà kà á sí ọ̀rọ̀ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ yí gbogbo ọ̀rọ̀ sí ìlànà NFC ti Unicode kí ẹ tó fi í pamọ́, kí ẹ sì yí gbogbo àmì abẹ́ lẹ́tà sí irú kan. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ àtòjọ gbogbo lẹ́tà tó wà nínú fáìlì yín jáde pẹ̀lú iye ìgbà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fara hàn. Èyí tó bá ṣàjèjì nínú rẹ̀, ẹ wá a kàn.

*Kí ni a ó ṣe sí ọ̀rọ̀ tó já?* Ìwé sọ pé "gbé ọkọ̀", ẹnu sọ pé "gbọ́kọ̀". Ìwé sọ pé "kí ó", ẹnu sọ pé "kó". Ẹ yan ọ̀kan fún irú ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹ kọ ohun tí ẹnu sọ bí ọ̀pọ̀ òǹkàwé bá ti mọ̀ ọ́n ní kíkọ, bíi nílé, ṣiṣẹ́ àti kó; kí ẹ sì tú u sí méjì bí kíkọ rẹ̀ pọ̀ bá máa rú òǹkàwé lójú. Àtòjọ àwọn tí ẹ fọwọ́ sí ni kó wà nínú ìwé ìlànà. Ẹ má fi í sílẹ̀ fún akọ̀wé láti pinnu lójú ẹsẹ̀.

*Nọ́ńbà ńkọ́?* Ẹnì kan á pe 45 ní márùndínláàádọ́ta, ẹlòmíràn á pè é ní fọ́tì-fáìfù. Ẹ kọ ohun tí ẹnu sọ ní ọ̀rọ̀, kí ẹ má kọ ọ́ ní nọ́ńbà. Bí akọ̀wé bá kọ 45 sí abẹ́ méjèèjì, ẹ̀rọ yóò máa wá ọ̀nà láti gbọ́ ohùn méjì tí kò jọra gẹ́gẹ́ bí ohun kan náà. Yíyí ọ̀rọ̀ sí nọ́ńbà jẹ́ iṣẹ́ ètò kọ̀ǹpútà kékeré mìíràn, lẹ́yìn tí ẹ̀rọ agbọ́rọ̀kọ bá ti parí tirẹ̀.

*Àmúlùmálà èdè ńkọ́?* Ọ̀rọ̀ tí Yorùbá ti gbà wọlé, ẹ kọ ọ́ bíi Yorùbá: fóònù, bọ́ọ̀sì, rédíò. Gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì tí ẹnì kan bọ́ sínú rẹ̀ láàárín ọ̀rọ̀, ẹ kọ ọ́ bíi Gẹ̀ẹ́sì. Ní Benin àti Togo, Faransé ni yóò gba ipò yẹn. Ẹ má pa ohùn àmúlùmálà tì nítorí pé kò wu yín. Báwọn èèyàn ṣe ń sọ̀rọ̀ ní ìgboro nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni wọn yóò sì ṣe bá ẹ̀rọ yín sọ̀rọ̀.

*Ẹ̀ka-èdè ńkọ́?* Ẹ ya ìyàtọ̀ sí ohùn pípè àti ọ̀rọ̀. Ará Ìbàdàn tó fi s pe ṣ ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà pẹ̀lú àwọn yòókù, nítorí náà ẹ kọ ṣ. Ará Èkìtì tó sọ pé ulé lo ẹ̀dà ọ̀rọ̀ tó yàtọ̀: bí ó bá jẹ́ pé ìtàn ìlú ni ẹ ń kó jọ, ẹ kọ ulé, bí àkọlé ìsàlẹ̀ ni, ẹ lè kọ ilé. Ẹ rántí pé àwọn ẹ̀yà Èkìtì kan ní fáwẹ́lì àìránmúpè mẹ́sàn-án, tí méje inú Yorùbá àjùmọ̀lò kò sì tó wọn. Níbẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ bá àwọn tó ni ẹ̀ka-èdè náà fẹnu kò lórí lẹ́tà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

*Ohun tí kò yé ńkọ́?* Ẹ ní àmì kan fún ẹ̀rín, ọ̀kan fún ariwo, ọ̀kan fún ọ̀rọ̀ tí etí kò gbọ́ já. Akọ̀wé tó bá méfò ń kọ́ ẹ̀rọ láti máa méfò.

Nígbà tí ìwé ìlànà bá ti wà, ẹ dán an wò lára àwọn akọ̀wé fúnra wọn. Ẹ fún akọ̀wé méjì ní ọgọ́rùn-ún gbólóhùn kan náà láti kọ, láìjẹ́ kí ẹnì kìíní rí ti ẹnì kejì, kí ẹ sì ka iye ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi yàtọ̀. Bí ìyàtọ̀ bá jẹ́ ọ̀rọ̀ 15 nínú 100, ẹ má retí kí ẹ̀rọ ṣe dáadáa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ jókòó lórí gbogbo ìyàtọ̀ náà, kí ẹ tún ìwé ìlànà ṣe, kí ẹ sì tún ìdánwò náà ṣe pẹ̀lú gbólóhùn mìíràn.

4. Kíkó ohùn jọ

*Ìgbàṣẹ ni àkọ́kọ́.* Ẹ má fún àgbàlagbà ní ìwé Gẹ̀ẹ́sì láti tẹ̀ka sí. Ẹ sọ ọ́ lẹ́nu, kí ẹ sì gba ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ lè lo irú ọ̀rọ̀ yìí:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, màmá. A ń kó ohùn àwọn tó ń sọ Yorùbá jọ, kí kọ̀ǹpútà lè máa kọ Yorùbá sílẹ̀. Bí ẹ bá gbà, a ó gba ohùn yín sílẹ̀ fún bí ìdajì wákàtí. A ò ní fi orúkọ yín sí i, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ̀ yín lè dá ohùn yín mọ̀. Àwọn tí ẹ ò mọ̀ rí náà máa lè gbọ́ ọ. Ẹ lè ní ká dúró nígbàkigbà. Ẹ sì lè ní ká pa á rẹ́ kó tó di ọjọ́ tí a máa gbé e síta. Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, a ò ní lè gbà á padà lọ́wọ́ àwọn tó bá ti mú un. Owó àkókò yín nìyí. Ṣé ẹ fẹ́ bi wá ní nǹkan? Ṣé ẹ gbà?"

Òfin ìdáàbòbò dátà ti Nàìjíríà, tó jáde ní 2023, kan iṣẹ́ yìí. Ẹ fi orúkọ àti nọ́ńbà fóònù sínú fáìlì ọ̀tọ̀, kí ẹ má jẹ́ kó bá ohùn rìn pọ̀. Ohun tó yẹ kó bá ohùn rìn ni nọ́ńbà olùsọ̀rọ̀, ọkùnrin tàbí obìnrin, ọjọ́ orí bíi 20 sí 29, ìlú tó ti dàgbà, àti irú ẹ̀rọ tí ẹ fi gba ohùn.

*Ohun tí wọn ó sọ.* Bí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n kàwé, gbólóhùn kúkúrú ni kí ẹ lò, èyí tí èèyàn lè kà tán lẹ́ẹ̀kan láìmí. Ẹ kọ wọ́n fúnra yín, tàbí kí ẹ gbàṣẹ. Ẹ wo JW300, àkójọ ìwé tí ọ̀pọ̀ olùwádìí èdè Áfíríkà gbára lé: nígbà tí ọ̀rọ̀ àṣẹ-òǹkọ̀wé dé, ńṣe ni wọ́n yọ ọ́ kúrò nílẹ̀, iṣẹ́ àwọn tó gbójú lé e sì há. Bákan náà ni ti àwọn téèpù àtijọ́ nílé rédíò. Ìṣúra ni wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ gba ìwé àṣẹ kí ẹ tó fọwọ́ kàn wọ́n.

Fún ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, ẹ fi àwòrán han olùsọ̀rọ̀, ọjà, ibi ìkómọ, ọkọ̀ tó bàjẹ́ lójú ọ̀nà, kí ẹ sì ní kó ròyìn ohun tó rí. Ẹ tún lè ní kó ṣàlàyé bí a ṣe ń se ọbẹ̀ kan. Àwọn tí kò mọ̀wé kà náà á lè kópa, ọ̀rọ̀ wọn á sì já bí ó ṣe ń já lójoojúmọ́. Ẹ jẹ́ kí ìdajì ohùn yín, ó kéré tán, jẹ́ irú èyí, bí iṣẹ́ yín bá kan ọ̀rọ̀ ẹnu.

*Ẹ̀rọ àti ibi.* Fóònù tó dára ti tó. Fáìlì WAV, ojú ohùn kan, 16,000 ìwọ̀n ohùn ní ìṣẹ́jú àáyá kan, bíìtì 16. Wákàtí kan rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 115 MB, ogún wákàtí kò sì tó 2.5 GB, nítorí náà ẹ fi ẹ̀dà rẹ̀ pamọ́ sí ibi méjì. Ẹ yẹra fún ohùn tí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, bí kò bá ṣe pé irú ohùn yẹn gan-an ni ẹ̀rọ yín yóò máa gbọ́, torí pé wọ́n ti fún un pọ̀. Bí ẹ̀rọ yín yóò bá ṣiṣẹ́ nínú ariwo jẹnẹrétọ̀ àti fáànù, ẹ gba díẹ̀ nínú ohùn náà sílẹ̀ níbi tí jẹnẹrétọ̀ àti fáànù wà.

*Èèyàn mélòó?* Ogójì èèyàn tó sọ ìdajì wákàtí sàn ju èèyàn méjì tó sọ wákàtí mẹ́wàá-mẹ́wàá lọ. Bí àwọn èèyàn bá rí ìdí tó fi yẹ kí wọ́n kópa, wọ́n á wá. Ní 2018, ilé-iṣẹ́ rédíò àwọn Māori ní New Zealand, Te Hiku Media, kó ohùn tó lé ní wákàtí 300 jọ láàárín ọjọ́ mẹ́wàá, torí pé àwùjọ tó ni èdè náà ló pè wọ́n. Ní Rwanda, ilé-iṣẹ́ Digital Umuganda kó àwọn èèyàn jọ débi pé Kinyarwanda ní wákàtí tó lé ní 2,000 lórí Common Voice, ohun tí ọ̀pọ̀ èdè Yúróòpù kò ní níbẹ̀.

5. Pínpín ohùn

Ẹ pín àkójọ yín sí mẹ́ta: èyí tí ẹ ó fi kọ́ ẹ̀rọ, èyí tí ẹ ó fi máa wò ó bó ti ń kọ́ ọ, àti èyí tí ẹ ó fi dán an wò. Olùsọ̀rọ̀ tó bá wà nínú ìdánwò kò gbọ́dọ̀ sí nínú ìkọ́ni. Gbólóhùn tó bá wà nínú ìdánwò kò gbọ́dọ̀ sí nínú ìkọ́ni pẹ̀lú, bó ti wù kó jẹ́ ẹlòmíràn ló kà á. Bí ẹ bá gbójú fo èyí, èsì yín á dùn lórí ìwé, yóò sì dójú tì yín lọ́jọ́ tí àlejò kan bá gbé máìkì. Ohùn ìdánwò ni kí akọ̀wé yín tó mọṣẹ́ jù kọ, kí ẹlòmíràn sì yẹ̀ ẹ́ wò.

6. Kíkọ́ ẹ̀rọ

Apá yìí ló máa ń dẹ́rù ba àwọn èèyàn, òun ló sì kúrú jù. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti òfo. Ẹ mú módẹ́ẹ̀lì kan tó ti gbọ́ ọ̀pọ̀ èdè, kí ẹ fi ohùn tiyín kọ́ ọ síwájú. Ìgbésẹ̀ rẹ̀ rèé:

1. Ẹ fi ohùn ìdánwò yín dán MMS àti Whisper wò bí wọ́n ṣe wà, kí ẹ kọ èsì sílẹ̀. Bí iṣẹ́ yín kò bá lè borí èyí, kò tíì sí iṣẹ́.
2. Ẹ fi wákàtí mẹ́wàá kọ́ ọ̀kan nínú wọn, kí ẹ sì wo èsì kí ẹ tó kó ohùn sí i. Àṣìṣe rẹ̀ ni yóò sọ irú ohùn tó kù fún yín láti wá.
3. Ẹ máa tọ́jú ibi tí ẹ̀kọ́ dé ní ìdajì wákàtí sí ìdajì wákàtí, torí iná àti íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ kò bá ní kọ̀ǹpútà alágbára, ẹ yá ti orí íntánẹ́ẹ̀tì lò, bíi Google Colab.
4. Fún módẹ́ẹ̀lì tó ń kọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, bíi XLS-R àti MMS, ẹ fi ètò kékeré tó mọ ọ̀rọ̀ tó máa ń tẹ̀ lé ara wọn tì í lẹ́yìn. KenLM ni ọ̀pọ̀ ń lò. Ìwé Yorùbá tó ní àmì pípé ni kí ẹ fi kọ́ ọ, torí pé ìwé tí kò ní àmì yóò tún ba ohun tí ẹ ti tò jẹ́.

Ìyàtọ̀ kan wà tó yẹ kí ẹ mọ̀. XLS-R àti MMS máa ń ṣi lẹ́tà kọ, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n gbọ́ ni wọ́n ń gbìyànjú láti kọ. Whisper máa ń kọ gbólóhùn tó jọ gidi, ṣùgbọ́n nígbà tí ohùn kò bá yé e, tàbí tí ibẹ̀ bá dákẹ́, ó lè kọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ. Fún ìtàn ìlú tàbí ọ̀rọ̀ ìlera, àṣìṣe tó hàn gbangba sàn ju irọ́ tó dán lọ.

7. Ìdánwò

Òṣùwọ̀n tí gbogbo ayé ń lò ni iye ọ̀rọ̀ tó ṣì nínú ọgọ́rùn-ún: ẹ ka ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ fi òmíràn rọ́pò, èyí tó fò, àti èyí tó fi kún un, kí ẹ pín àpapọ̀ wọn sí iye ọ̀rọ̀ tó wà nínú ìdàkọ tó tọ́. Ẹ wo gbólóhùn yìí, tó ní ọ̀rọ̀ mẹ́jọ:

Wọ́n ti gbé ọkọ̀ náà lọ sí Ìwó.

Bí ẹ̀rọ bá kọ "Wọ́n ti gbé ọkọ́ náà lọ Ìwó", ó ṣi ọkọ̀ kọ, ó sì fo sí: méjì nínú mẹ́jọ, ìyẹn 25 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ẹ bá yọ àmì ohùn kúrò nínú méjèèjì kí ẹ tó kà á, ẹyọ kan ló kù, 12.5. Bí ẹ̀rọ mìíràn bá wá kọ "Wọ́n ti gbọ́kọ̀ náà lọ sí Ìwó", kò ṣi ohunkóhun gbọ́, síbẹ̀ òṣùwọ̀n yóò ka àṣìṣe méjì sí i lọ́rùn, torí pé ọ̀rọ̀ méjì di ẹyọ kan. Ẹ̀yin lẹ fa àṣìṣe yẹn, bí ìwé ìlànà yín kò bá sọ ohun tó yẹ kó kọ.

Nítorí náà, ẹ máa kọ èsì mẹ́ta sílẹ̀ nígbà gbogbo: pẹ̀lú gbogbo àmì, láìsí àmì ohùn, àti láìsí àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà. Bí àlàfo láàárín ìkíní àti ìkejì bá tóbi, ẹ padà sọ́dọ̀ àwọn tó fi àmì sí ìdàkọ. Bí ẹ̀kẹta gan-an bá burú, ohùn ni kò tó. Ẹ tún ya èsì sọ́tọ̀ fún ọkùnrin àti obìnrin, fún ọmọdé àti àgbà, àti fún ìlú kọ̀ọ̀kan; àpapọ̀ tó dára lè bo ẹgbẹ́ kan tí ẹ̀rọ kò gbọ́ rárá mọ́lẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún ètò tó ń fọ ọ̀rọ̀ mọ́ kí ìkà tó bẹ̀rẹ̀. Èyí tó bá Whisper wá máa ń fi àlàfo rọ́pò àmì tó bá dá dúró nínú Unicode. Gẹ́gẹ́ bí a ti sọ, irú àmì bẹ́ẹ̀ ló wà lórí ẹ́ àti ọ́, nítorí náà "gbẹ́kẹ̀lé" á fọ́ sí wẹ́wẹ́, òṣùwọ̀n á sì di asán. Ẹ kọ ètò ìfọ̀mọ́ tiyín, kí ẹ sì fi ọ̀rọ̀ mẹ́wàá tó ní ẹ́, ọ̀, ṣ àti ǹ dán an wò kí ẹ tó gba èsì kankan gbọ́.

8. Ta ló ni ohùn náà?

Ẹ pinnu èyí kí ohùn àkọ́kọ́ tó wọlé, torí pé ìlérí tí ẹ bá ṣe fún olùsọ̀rọ̀ kò ṣeé yí padà. Bí ẹ bá lo àṣẹ CC0 bíi ti Common Voice, ẹnikẹ́ni lè fi ohùn náà ṣe ohunkóhun, títí kan ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ fi tà. Àwọn àṣẹ kan fàyè gba ìlò láìsí òwò nìkan. Te Hiku Media yan ọ̀nà tirẹ̀: wọ́n ṣe ìwé àṣẹ tó sọ pé olùtọ́jú dátà ni wọ́n, pé àwùjọ ló ni ín, ẹni tó bá sì fẹ́ lò ó gbọ́dọ̀ ṣe é fún àǹfààní àwọn Māori. Ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ní èrè àti ìnáwó tirẹ̀. Ohun tí kò yẹ ni kí ẹ sọ fún màmá kan ní Ìsẹ́yìn pé fún àwọn ọmọ ilé ìwé ni, kí ẹ sì wá gbé e síta lábẹ́ àṣẹ tó gba gbogbo ènìyàn láàyè.

Bí ẹ bá gbé àkójọ yín síta, ẹ fi ìwé ìlànà ìdàkọ sí i. Ẹgbẹ́ mìíràn tó bá fẹ́ fi ohùn tiyín kún tirẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ bí ẹ ṣe kọ nọ́ńbà, ọ̀rọ̀ tó já àti Gẹ̀ẹ́sì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìdàrúdàpọ̀ tí ẹ sá fún nílé yín á bá yín nílé rẹ̀.

9. Ìgbà wo ni ẹ̀rọ tó lò?

Ẹ má dúró de ìgbà tí kò ní ṣi ohunkóhun kọ. Ẹ mú ìdajì wákàtí ohùn tuntun. Kí akọ̀wé kan kọ ìdajì rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kó sì tún èyí tí ẹ̀rọ ti kọ ṣe fún ìdajì kejì. Kí akọ̀wé kejì ṣe òdìkejì, kí ẹ sì fi aago ka àkókò wọn. Bí àtúnṣe bá yá ju kíkọ láti ìbẹ̀rẹ̀ lọ, ẹ̀rọ ti ń ṣiṣẹ́: ẹ fi í sẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, kí ẹ sì fi àwọn ìdàkọ tí ẹ bá tún ṣe kún ohun tí ẹ ó tún fi kọ́ ọ. Bí kò bá yá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ka àwọn àṣìṣe rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá jẹ́ ti etí ni kí ẹ wá ohùn sí i fún. Èyí tó bá jẹ́ ti àìfẹnukò, ìwé ìlànà ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe.